Ìdí Tí Àfòpiná Fi Ń Gbé Ojú Rẹ̀ Lọ Síbi Àtùpà

Àwọn ọmọ Àfòpiná ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin gan-an ni, kí wọ́n tó mọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà láéláé, nígbà tí àtùpà kankan kò tíì sí, gbogbo kòkòrò tó ní ìyẹ́ ló ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Lọ́sàn-án, wọn á na ìyẹ́ wọn sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á ṣàn gba inú ìyẹ́ lọ sínú àpò kékeré kan tó wà lẹ́yìn wọn. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọn á ṣí àpò náà, ilé á sì mọ́lẹ̀.

Àpò yìí wúwo díẹ̀, kì í sì í gba púpọ̀. Ẹni tó bá lo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nílòkulò á jókòó sínú òkùnkùn.

Àfòpiná àti Tanátaná jọ ń gbé lára igi ọ̀dán kan. Àfòpiná ni ẹ̀gbọ́n. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó ń gba oòrùn ju ti gbogbo ará igi náà lọ. Tanátaná kéré. Á tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á pa á, á tún tan án.

"Àbúrò," ni Àfòpiná máa ń wí, "ṣé ilé lò ń tanná sí ni, àbí ò ń ṣẹ́jú sáwọn ọkùnrin?"

"Ìwọ̀nba tí mo ní ni mò ń ṣọ́ lò, ẹ̀gbọ́n mi," ni Tanátaná ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ń jowú ìyẹ́ ńlá yẹn gidigidi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Aláǹtakùn ta okùn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ó wá sílé Àfòpiná.

"Ìyá, ẹ so ìyẹ́ yín mọ́ okùn mi. Lọ́sàn-án, oòrùn tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín á gba orí okùn lọ sílé ẹlòmíràn. Tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, okùn á gbé tiwọn wá fún yín. Kí lẹ tún fẹ́ fi àpò ṣe? Ẹ tú u fún mi, kí ẹ̀yìn yín fúyẹ́."

Tanátaná sún mọ́ wọn. "Bàbá, ṣé a ò lè so mọ́ okùn, ká sì tún mú àpò wa dání?"

"Ẹnikẹ́ni kì í ṣe méjèèjì lórí okùn mi."

"Kí nìdí?"

"Okùn ta ni?" ni Aláǹtakùn bi í.

"Tó bá wá já ńkọ́?"

"Ṣé o ti rí i kó já rí?"

Bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á.

Àfòpiná tú àpò rẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún un, ọ̀pọ̀ ará igi sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà lọ, ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ọ̀sán. Tanátaná á jókòó, á máa wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, itọ́ á máa korò lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde lọ́jọ́ kan pé òun náà ń lọ tú àpò òun. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yé ẹyin. Àṣà igi ọ̀dán ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ bá jáde, ìyá á gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ kí Yímíyímí, àgbà igi náà, lè rí ojú rẹ̀. Yímíyímí á wá so àpò ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́yìn. Ọmọ tí wọn ò bá rí ojú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní gba àpò láéláé.

Ọjọ́ kan náà ni ọmọ àwọn méjèèjì jáde. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìjì jà, ẹ̀ka gbígbẹ kan ré lu okùn, okùn já. Aláǹtakùn sì pa ìmọ́lẹ̀ gbogbo ilé tó so mọ́ ọn.

Àfòpiná sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Oòrùn ṣì ń ràn lára ìyẹ́ mi. Kí ló dé tí ilé mi ṣókùnkùn?"

"Tí ìmọ́lẹ̀ bá wà lórí okùn tó já, á jó mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bá ń tún un ṣe. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Ilé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Àpò tó gbà lọ́wọ́ àwọn ará igi ló ń tàn níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Yímíyímí dé. "Ìyàwó, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ tanná."

Tanátaná ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó àwọn ọmọ yín wá síbí. Tá a bá rọra ń tan án, á kárí wa."

Àfòpiná wo ìmọ́lẹ̀ kékeré náà, èyí tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ará igi ló dúró tí wọ́n ń wò.

"Kí wọ́n máa wí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ ni wọ́n fi mọ ọmọ mi? Mi ò ṣe. Okùn ń bọ̀. Ìyá àgbà, ẹ jókòó díẹ̀."

Yímíyímí jókòó títí, ó sú u. Ó lọ sílé Tanátaná, ó so àpò mọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́yìn, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí okùn fi máa padà, ìrọ̀lẹ́ ti kọjá.

Wọ́n ní owú àárín àwọn ìyá méjèèjì ló ba tàwọn ọmọ náà jẹ́. Owú wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n owú kọ́ ló gba àpò ìyá wọn. Owú kọ́ ló mọ̀ tí kò sọ.

Títí di òní ni Tanátaná ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tó ń pa á, tó ń ṣọ́ ọ lò nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àpò ńlá ti wà lẹ́yìn Aláǹtakùn. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ wò ó ní igun àjà yín. Láti ọjọ́ náà sì ni ọmọ Àfòpiná tó bá ti rí àtùpà fi ń gbé ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹnì kan lè rí i. Iná á jó o, á ṣubú, á tún dìde.

Aláǹtakùn wà lókè níbẹ̀, ó ń ta okùn rẹ̀ lọ, kò wo ìsàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ Àfòpiná sì ń sọ fún un lójoojúmọ́:

"Ẹ dá àpò wa padà."