Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Ṣe Di Àpò

Nígbà láéláé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété pẹlẹbẹ bí ewé obì. Àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni, ṣùgbọ́n kì í lọ sọ́jà. Ọ̀bọ ló ń ru ẹyìn rẹ̀ dé etí odò, Alákàn a gbé e sọdá, Ewúrẹ́ a sì gbé e dé ọjà fún Àparò, tó ń fi irúgbìn àgbàdo pààrọ̀ ẹyìn.

Òkété kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ahun. Ó ti pàṣẹ pé, "Ẹni tó bá ti gba ẹrù mi, kó bu èènì tirẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé ọwọ́ mi há."

Lọ́dún kan, òjò ti ń ṣú, kò sì sí irúgbìn nílé Òkété. Bí kò bá rí gbìn, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó fi agbọ̀n ẹyìn ránṣẹ́. Ewúrẹ́ padà wá lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá, Àparò ní ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan."

Òkété fò dìde. "Agbọ̀n tó kún dẹ́nu? Wọ́n ń jà mí lólè ni."

Ó di agbọ̀n mìíràn fún Ọ̀bọ, ó sì yọ́ tẹ̀lé e nínú igbó. Ọ̀bọ kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Nígbà tó dé odò, Alákàn na ọwọ́.

"Èènì mi dà?"

"Bù ú. Ṣùgbọ́n rọra, ọwọ́ rẹ yìí kì í ṣe ọwọ́, ẹ̀mú ni."

Òkété lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé wọn. Ewúrẹ́ bu tirẹ̀ lódìkejì odò. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà gba agbọ̀n sọ̀ fún un, òun náà bu tirẹ̀. Nígbà tí agbọ̀n dé iwájú Àparò, ẹyìn tó kù kò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Òkété bẹ́ síta. "Olè ni gbogbo yín."

Ewúrẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. "Olè kẹ̀? Bàbá, ta ló ní ká máa bu èènì?"

Òkété dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti ń jẹ oko òun láti ọjọ́ yìí wá.

"Irúgbìn ti ń tán lọ́wọ́ mi o, Bàbá," ni Àparò wí. "Bí oòrùn bá wọ̀, mo ti lọ nìyẹn."

Òkété sáré padà sóko. Ó já ẹyìn tó kù, ó rọ́ ọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó rọ́ ọ sí tòsì, ó ń kì í bọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ó tún gba ọ̀nà ọjà.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ni Ọ̀bọ wí.

Òkété kò dáhùn.

"Àwa la ṣẹ̀ yín ni?"

Òkété kọjá. Ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá níwájú Alákàn, ó kọjá lára Ewúrẹ́, kò kí ẹnì kankan. Ẹni tí kò lè la ẹnu kò lè ní kí wọ́n bu èènì.

Ó pọ gbogbo rẹ̀ síwájú Àparò, ó gba irúgbìn, ó sì tún kó o sẹ́nu lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété ti di àpò, tí kò sì súnkì mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu kó oúnjẹ láti oko wọ ihò. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ má retí kó kí yín.