Erin Dúró Nídìí Okùn Aláǹtakùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé okùn Aláǹtakùn. Ó dá lórí Aláǹtakùn, Ọ̀kẹ́rẹ́, àti Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ kan.

Aláǹtakùn hun okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí igbó ká. Bí o bá sọ̀rọ̀ sí i níhìn-ín, jìn-ín-jìn, wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nígbà tó ń hun ún, àwọn ẹranko kan fún un lóúnjẹ, òun náà fún wọn ní ìpín nínú okùn. Ìpín Ọ̀kẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹtu kò ní ìpín kankan, ṣùgbọ́n òun ló ń lo okùn jù. Koríko etí odò ti gbẹ. Bí Ẹtu kò bá gòkè lọ jẹko, ọmú á gbẹ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Nítorí náà, ó máa ń fi ọmọ pa mọ́ létí odò, Àparò a sì máa bá a ṣọ́ ọ. Bí ọdẹ bá yọ, Àparò á kọrin sí okùn, Ẹtu á sáré wá gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹtu, Ẹtu, sáré bọ̀ o!
*Jìn-ín-jìn, okùn ń dún!*
Ọdẹ ti yọ létí odò!
*Jìn-ín-jìn, okùn ń dún!*
Ọmọ rẹ kò lè dá sá!
*Jìn-ín-jìn, okùn ń dún!*

Lọ́jọ́ kan, Erin dé, gbìrì, gbìrì, gbìrì. Ó dúró nídìí igi tí wọ́n so okùn mọ́. Ó fẹ̀yìn ha igi náà, hàrà, hàrà, ó lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Ẹ wò ó! Erin fẹ́ ra okùn yìí! Ó wá wò ó ni!"

Kíá, ìpín tí wọ́n ń tà ní agbọ̀n èpà kan di agbọ̀n méjì.

Erin tún dé, gbìrì, gbìrì, gbìrì. Ó fẹ̀yìn ha igi, ó lọ.

"Ó ti ń wọ̀n ọ́n!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Agbọ̀n méjì di mẹ́wàá. Àwọn ẹranko ń hú èpà tí kò tíì gbó láti fi ra ìpín.

Erin dé lẹ́ẹ̀kẹta, gbìrì, gbìrì, gbìrì. Ó fẹ̀yìn ha igi, ó lọ.

"Ọ̀la ló ń bọ̀ wá sanwó!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Aláǹtakùn ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti bi Erin léèrè?"

"Ta ló tó bi Erin léèrè? Ìwọ ti di olówó, o ò tíì mọ̀ ni! Láti ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí okùn yìí mọ́. Kó máa dán títí Erin á fi dé."

Gbogbo onípìn-ín ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Wọ́n fi ewé dí ẹnu okùn pinpin.

Ẹtu kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ńkọ́?"

"Ìpín tìẹ dà níbẹ̀?"

"N kò ní."

"Ẹ gbọ́ o! Kò ní ìpín, òun ló ń pariwo jù! Ọjọ́ kan péré náà ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹtu lọ jẹko. Gbogbo onípìn-ín pé jọ sídìí igi. Erin dé, gbìrì, gbìrì, gbìrì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá wa, eélòó lẹ máa san?"

"Lórí kí ni?"

"Lórí okùn yìí!"

Erin wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Okùn wo? Ẹ̀yìn ló ń yún mi. Èèpo igi yìí ló le."

Ó fẹ̀yìn ha igi, hàrà, hàrà, ó lọ.

Wọn ò tíì mí tán tí Àparò fi já wọ àárín wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ ló fi sáré láti odò. "Mo kọrin títí! Mo kọrin títí, okùn kò dún!"

Ẹtu tó ń jẹko nítòsí gbọ́. Ó sáré débi odò. Ibi tí ọmọ sùn sí ṣì gbóná. Ọmọ kò sí níbẹ̀.

Ó padà wá. Kò sunkún. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Eélòó ni ìpín kan báyìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ààlọ̀ mi nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ pé olówó ńlá fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń gbé ohùn àwọn èèyàn kiri, ẹ kọ́kọ́ bi olówó náà léèrè. Bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹ má ṣe gba ohun tí gbogbo ayé fi ń gbé ẹ̀mí ró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí èrè tí ẹ ń retí. Ẹni tí kò ní ìpín níbẹ̀, ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ lè so mọ́ ọn.