Ẹtu Tó Tóbi Ju Ẹṣin Lọ

Láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ìrókò àtijọ́ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọba kan ní kí Ọlọ́nàdé ayàwòrán ya igbó ńlá sára ògiri ààfin. Bí kò bá dára, iṣẹ́ ààfin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́nàdé kórìíra ẹ̀gún àti ìrì. Inú ọbẹ̀ nìkan ni ó ti ń rí ẹtu. Ọ̀dọ̀ Ọdẹ́jìmí ọdẹ ni ó lọ jókòó sí, ohun tí ọdẹ sì sọ ni ó yà.

Ọba wo ògiri, ó lanu. "Ọlọ́nàdé, ẹtu rèé àbí ẹṣin?"

"Kábíyèsí, bí Ọdẹ́jìmí ṣe ròyìn rẹ̀ nìyẹn."

Ọdẹ́jìmí, tó wà láàrin èrò ààfin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí adé pẹ́ lórí. Èyí tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo ròyìn. Ẹran tó bá ti sá lọ, ńṣe ló máa ń tóbi sí i."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ọba ní, "Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọlọ́nàdé, lọ fi ojú ara rẹ rí igbó, kí o wá tún ògiri mi yà. Ẹtu gàgàrà yìí, ara ògiri ilé Ọdẹ́jìmí ni kí o yà á sí."

Ọlọ́nàdé wọ igbó. Ẹ̀gún ya á lẹ́sẹ̀, ìrì mú kí ó rin gbingbin, ṣùgbọ́n ó rí ẹtu kékeré tí ń jẹ ewé lábẹ́ ìrókò. Nígbà tó padà dé ààfin, ó yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ọba fi ń gbó mọ́ ògiri.

Ẹnu ẹlòmíràn kọ́ ni a ó ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ilé wa. Ojú wa ni a ó fi rí i. Ojú àwọn ọmọ wa yóò sì rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.