Àwọn Ọmọ Tí Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀ Kí Ìyá Wọn

Ààlọ́ o!

Ohùn yín kéré. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ tèmi kò yà sílé ìjàpá lónìí. Ó gun òkè, ó ré àwọsánmà kọjá, ó lọ já lé Ìyá Oòrùn lórí, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ. Ó já lé Yìnyín lórí pẹ̀lú, àlejò burúkú. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Èmi tí mò ń pa àlọ́ yìí gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, òkùnkùn ló wà níbi gbogbo. Òkùnkùn náà tutù. Kò nísàlẹ̀, kò lórùlé. Àárín rẹ̀ ni Ìyá Oòrùn jókòó sí, òun nìkan sì ni iná tó wà.

Ẹ gbọ́ bí ara Ìyá Oòrùn ṣe rí. Ilé nínú ilé ni. Yàrá kan wà nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni iná ńlá wà. Iná náà kì í jẹ igi, kì í jẹ èédú, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan yí yàrá náà ká, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀ ní ọmọdé á ti hu ewú kí ó tó rí ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tó ń hó bí epo tó wà lórí iná. Ti ìsàlẹ̀ ń wá sókè, ti òkè ń lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ tí àwa ń rí. Irun orí rẹ̀ náà, iná ni. Irun yẹn tilẹ̀ gbóná ju ojú lọ.

Ìyá Oòrùn fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ jókòó lé iná inú yàrá yẹn lórí. Kò lè dìde. Bó bá dìde, iná á tú síta. Kò lè sọ̀rọ̀. Bó bá lanu, iná á gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyá tó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lóoru, òun náà ló lè jó wọn pa. Ẹ ò rí nǹkan!

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá wọn sọ̀rọ̀, nígbà tí iná inú rẹ̀ ṣì kéré. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa rìn yí mi ká. Ẹ má dúró o. Ẹni tó bá dúró, ara mi ni yóò ṣubú sí. Ẹni tó bá sá jáde, òkùnkùn á gbé e mì. Ẹ máa rìn. Ẹ máa rìn." Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu dé.

Sáré ni àkọ́bí. Ọkùnrin ni, òun ló sún mọ́ ìyá jù, òun ló yára jù. Àgùàlà ló tẹ̀lé e, arẹwà obìnrin. Ilẹ̀ ló ṣe ìkẹta. Ilẹ̀ ru ìkòkò omi lórí, inú omi náà sì ni àwọn ọmọ tirẹ̀ wà: ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, akàn, àti baba ńlá tiwa náà, tí kò tíì tóbi ju tanwíjí lọ nígbà yẹn. Lẹ́yìn wọn ni Pupa, Ràbàtà, Olórùka, Dùbúlẹ̀ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, àti Ìgbẹ̀yìn tí òtútù ń gbọ̀n jìgìjìgì lọ́hùn-ún. Àwọn wọ̀nyẹn jìnnà, ọ̀rọ̀ òní kò kàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kan, Yìnyín ti inú òkùnkùn jáde wá. Ó rí róbótó, ó funfun, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Kò ní ìrù nígbà náà. Ó wo iná Ìyá Oòrùn, ó wo àwọn ọmọ tó ń yá a. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Àyè ẹnìkan péré bá ṣófo níbí, màá gbà á."

Ó lọ bá Sáré.

"Sáré, o kú ìrìn o."

"Ẹ káàbọ̀, àlejò."

"O ti kí ìyá rẹ láàárọ̀ yìí?"

Sáré mi orí pé rárá.

"Háà! O ò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó bí ọ? Abájọ! Gbogbo ibi tí mo gbà kọjá, wọ́n ní àbíìkọ́ ni àwọn ọmọ Oòrùn. Wọ́n ní ńṣe lẹ̀ ń yí ìyá yín po bí adìẹ tó ń yí àká po, ẹ kì í kí i."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni tó. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọ̀lẹ, ìwọ nìkan ni wọ́n bú. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní àbíìkọ́, wọ́n ti bú ìyá rẹ mọ́ ọn. Sáré ò lè gbé e mì. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó súré lọ síwájú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi."

Àyà Ìyá Oòrùn já. Ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó lanu, ó kígbe, "Padà!"

Iná gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi gba ọmọ là, òun ló jó ọmọ. Aṣọ Sáré jóná. Irun rẹ̀ jóná. Ara rẹ̀ bó, ó dá ihò wẹ́wẹ́ bí ara ẹni tí ìgbóná bá jà. Ó sá padà pẹ̀lú igbe, kò sì rí aṣọ wọ̀ mọ́ títí di òní. Ìyá Oòrùn fi eyín kan eyín. Ó sunkún, omijé rẹ̀ gbẹ kó tó bọ́ sílẹ̀.

Àyè ò ṣófo. Yìnyín kọjá sọ́dọ̀ Àgùàlà.

"Arẹwà, ẹ̀gbọ́n rẹ ò lọ́gbọ́n. Ta ní ń fi aṣọ ẹyọ kan sún mọ́ iná? Ìwọ, wọ aṣọ púpọ̀, kí o lọ kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí ire. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní àbíìkọ́?"

Àgùàlà bẹ̀rẹ̀ sí í wé aṣọ lé aṣọ. Ilẹ̀ rí i, ó kígbe, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ! Ẹ wo bí Ẹ̀gbọ́n Sáré ṣe dà!"

"Dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn! Ṣé èmi ni màá jẹ́ kí wọ́n bú ìyá mi?"

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Oòrùn ò lanu. Ó gé ètè jẹ, ó wo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru wọ inú aṣọ Àgùàlà, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sè nínú aṣọ rẹ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé. Ó fẹ́ dìde, òyì kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdì yí. Bó ṣe táràrà padà sójú ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tó ń dán lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó ní ó mà lẹ́wà o. Aṣọ lẹ̀ ń rí. Inú aṣọ, iná ni.

Yìnyín wá dé ọ̀dọ̀ Ilẹ̀.

"Ìwọ ló kàn."

"Mi ò lọ," ni Ilẹ̀ wí. "Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ni fún ará ẹ̀yìn. Mo ru ọmọ."

"Áà, o ru ọmọ! Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, ta ni wọn yóò kúnlẹ̀ kí? Wọ́n rí i pé ìyá tiwọn kò kí ìyá rẹ̀. Àbíìkọ́ bí àbíìkọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Ilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Kò fẹ́ lọ, kò sì lè dúró gbọ́ ọ mọ́. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ké nínú ìkòkò: "Ìyá wa, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ o!"

"Ẹ fara dà á, ọmọ mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ẹja ké: "Ìyá wa, omi ń gbóná! Ẹ gbà wá!"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ kẹta. Kò sí ẹni tó ké.

Ilẹ̀ fetí sí ìkòkò. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́?" Kò gbọ́ nǹkan. Ó ní, "Ẹja?" Kò gbọ́ nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ níbí, ẹ mọ̀ ọ́n. Igbe ọmọ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kò tó kí ọmọ dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rù tó ba Ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹnu sọ ọ́.

Ó yíjú padà láti sá lọ sójú ọ̀nà rẹ̀. Yìnyín ló bá níbẹ̀! Ó ti nàró sí àyè rẹ̀, ó ń yáná, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àyè mi nìyí. Máa lọ kí ìyá rẹ."

Iná níwájú, Yìnyín lẹ́yìn. Ilẹ̀ wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí i bó ṣe fún ẹnu pọ̀ tí iná sì ń yọ létí ètè. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé e. Ìyá tó fún ẹnu pọ̀ báyìí nítorí ọmọ, kò bèèrè ìkúnlẹ̀. Ó di ìkòkò rẹ̀ mú, ó tẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹrí ba. Kò kúnlẹ̀, kò dúró, kò sì sún mọ́ iná mọ́. Ó ń rìn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, mo kí yín o,
*Yípo, yípo.*
Ẹsẹ̀ mi ò dúró o,
*Yípo, yípo.*
Omi ń bẹ lórí mi o,
*Yípo, yípo.*
Ọmọ ń bẹ nínú omi,
*Yípo, yípo.*

Ìyá Oòrùn gbọ́ orin náà. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó tẹrí ba, ó rí Yìnyín tó nàró lẹ́yìn rẹ̀. Kò lanu. Imú ló fi mí, hùúùù! Èémí gbígbóná náà ré ẹ̀yìn Ilẹ̀ kọjá, nítorí ó ti tẹ̀. Yìnyín tó nàró ló bá. Ara Yìnyín yọ́, ó ń ṣàn lọ sẹ́yìn rẹ̀ yẹ́ẹ́, ó di ìrù gígùn. Ó han goooro, ó sá wọ òkùnkùn lọ.

Ilẹ̀ sáré bọ́ sí àyè rẹ̀, ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fetí sí ìkòkò. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan jáde: "Ìyá wa, omi ti ń tutù." Ilẹ̀ sunkún, omi ìkòkò dànù sí i lára, ìyẹn ló di òkun.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Oòrùn fi ń yí i po, tí wọn kì í sún mọ́ ọn, tí wọn kì í sì í sá jìnnà sí i. Ìdí nìyẹn tí Ilẹ̀ fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí dòní: ìdajì ọdún ló ń fi èjìká kan kí ìyá rẹ̀, ìdajì ọdún ló ń fi èkejì, nígbà tí òjò bá lọ tí ọyẹ́ bá dé. Yìnyín ṣì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ìràwọ̀ onírù, láti wò bóyá àyè ti ṣófo. Ibi yòówù kó kọjú sí, ìrù rẹ̀ á máa sá fún Oòrùn.

Àlọ́ mi ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá jí lọ́la, tí ẹ rí Oòrùn lókè, ẹ tẹrí ba, kí ẹ kí i, kí wọ́n má pè yín ní àbíìkọ́. Kò ní dá yín lóhùn. Ẹ má bínú sí i. Ẹ bẹ Ọlọ́run kó má dáhùn láéláé.