Ọ̀rá tí Afẹ́fẹ́ Fọwọ́ Bà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn mi kò gùn. Èmi ni Ọdẹ́yínká. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ilé-ìwé ìjọ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Jẹjẹrẹ mú ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, ní ọmú. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara kan ló kọ̀ láti kú nígbà tí àkókò wọn pé, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́sẹ̀ náà gan-an. Èmi ní kí wọ́n dúró dè mí, nítorí mo ti gbọ́ pé iwin kan nínú Igbó Aláìkú mọ ohun tó ń pa irú wọn. Mo rọ ọ̀rá ọ̀yà sínú kèrègbè láti fi kí i, mo sì fi ìda dí ẹnu rẹ̀ pinpin, bí àwa ọdẹ ti máa ń ṣe kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn. Igbó náà dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì dákẹ́ bí ilé tí ìyá ti kú. Láàárín rẹ̀ ni mo ti rí ìlú àwọn Aláìkú: ènìyàn kéékèèké bí ẹ̀pà, ẹnì kan ń pín sí méjì lójú mi, méjì ń di mẹ́rin, kò sí ibojì kankan, kò sì sí àyè ẹsẹ̀. Iwin olójú kan jókòó lẹ́nu ibodè.

“Ọdẹ, kí lo gbé wá?”

“Baba, ọ̀rá ọ̀yà ni. Bí mo ṣe yọ ọ́ náà ló ṣe wà. Irú àwọn wọ̀nyí ló wà lára ìyàwó mi.”

Ó bu díẹ̀ jù sí wọn. Kíá ni wọ́n fi ọ̀rá náà mọ ògiri tuntun, wọ́n sì tún pọ̀ sí i. Iwin rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

“Ọdẹ oníwà-pẹ̀lẹ́! O ru oúnjẹ wá fún ọ̀tá rẹ. Ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti oòrùn.”

Lọ́jọ́ keje tí mo ṣí i sílẹ̀, ọ̀rá náà ti yọ́, ó ti pọ́n, ó ń rùn. Iwin fi ṣóńṣó koríko kán ẹ̀kán kan sí wọn lára. Wọn kò jà. Wọ́n ká ara wọn jọ bí ẹni ń ká aṣọ, wọ́n sì dùbúlẹ̀, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ikú.

Omi bọ́ lójú mi. Mo já kèrègbè gbà, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ̀kán mélòó lo fẹ́ fún ìyàwó rẹ?”

“Gbogbo rẹ̀, Baba.”

“Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ.”

Ìjàgbà wa ti ta ẹ̀kán kan sí abúlé tó múlé ti wọn, níbi tí àwọn ènìyàn rere ti ń kú lásìkò wọn. Àwọn náà ń dùbúlẹ̀, ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń gbálẹ̀.

“Báwo lo ṣe máa darí rẹ̀ sí ọ̀tá nìkan?”

“Baba, n kò mọ̀.”

“Ọdẹ mélòó ló ti purọ́ fún mi níbí! Ìwọ sọ òótọ́. Dà á nù.”

Mo dà á sórí àpáta.

Ọjọ́ kẹtàlá ni mo délé. Kókó tó wà ní ọmú Àwẹ̀ró ti tóbi sí i.

“Ọkọ mi, kí lẹ mú bọ̀?”

“Ọwọ́ lásán ni, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ ṣáà dé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Dókítà wo kàlẹ́ńdà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Nígbà ọyẹ́ ni a sin Àwẹ̀ró.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, àwọn kan wà ní iyàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ń wọn ọ̀rá náà ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má fún aláìsàn ní epo tó ti bàjẹ́. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di aláìsàn lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.