Ìdí Tí Ẹ̀gà Kì Í Fi Í Dákẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀gà kò tíì mọ ariwo pa, kò sí ẹyẹ tó ń ṣe jẹ́jẹ́ tó o nínú igbó. Oníkálukú wọn ló ń dá gbé. Ọ̀kan á fi ìtẹ́ rẹ̀ pamọ́ sáàárín imọ̀ ọ̀pẹ, òmíràn á kọ́ tirẹ̀ sí òdìkejì odò, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ilé onílé kò kan àwọn.

Ní ọdún kan, nígbà ọyẹ́, iná ọ̀dàn jó wọ inú igbó. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ló kú níbi tí wọ́n ti ń kó ọmọ wọn sá. Nígbà tí èéfín lọ tán, ọmọ òrukàn kún etí odò, wọ́n ń gbọ̀n, ìyẹ́ wọn kò tíì pé.

Àwọn ẹ̀gà tó kù pé jọ láti wá nǹkan ṣe. Àwẹ̀ró wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú nínú iná náà, ó sì fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, Àníkẹ́. Àwẹ̀ró ní òun á mú ọmọ náà sọ́dọ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Àtíòro dìde. Àtíòro kì í ṣe ẹ̀gà. Ẹyẹ ńlá ni, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn bí àdá, inú ihò òkè igi àràbà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, gbogbo igbó ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun. Ó ní ihò ìsàlẹ̀ igi òun gbà wọ́n, òjò kì í wọ ibẹ̀. Kìkì pé kí oníkálukú máa gbé oúnjẹ wá sídìí igi ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Inú wọn dùn. Wọ́n bi Àwẹ̀ró pé kí ni ìtẹ́ koríko tirẹ̀ já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ó sì fi Àníkẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ fún Àtíòro. Ó fi amọ̀ dí ẹnu ihò náà, ó ní nítorí ejò ni. Ihò tóóró kan ló ṣẹ́ kù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ọjọ́ ọjà dé, ọjọ́ ọjà lọ, wọ́n ń gbé ọkà bàbà àti esunsun wá. Àtíòro á dúpẹ́, á gba ẹrù. Bí Àwẹ̀ró bá ní òun fẹ́ rí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, á ní àwọn ọmọ ń sùn. Nígbà mìíràn, á ní bí ọmọ bá ń rí ẹbí rẹ̀, ṣe ni yóò máa sunkún ilé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ Àwẹ̀ró lọ́kàn. Ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa á ké, èyí tó yó náà á ké. Báwo ni ilé tó kún fún ọmọ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́? Lọ́jọ́ kan tí Àtíòro lọ wẹ̀ lódò, ó fò lọ bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tóóró náà, ó pe Àníkẹ́ lórúkọ.

Àgógó kékeré kan yọ jáde, ó ti gbẹ bí ẹ̀gún.

"Ìyá mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni Àníkẹ́ wí. "Àtíòro ní ẹni tó bá ké kò ní í jẹun."

"Ìwọ tí o kò ké ńkọ́? Ṣé o jẹun?"

"Èmi náà kò jẹun. Àwọn ọmọ Àtíòro ló ń jẹ oúnjẹ tí ẹ ń gbé wá. À ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lókè orí wa."

Àwẹ̀ró la ẹnu, ó figbe ta. Kò sí ẹ̀gà tó kígbe bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo igbó ló sì gbọ́. Àwọn yòókù sáré dé, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Àgbà kan nínú wọn bá a wí, ó ní ẹni ọ̀wọ̀ ni Àtíòro, a kì í fi ariwo tú àṣírí ẹni ọ̀wọ̀.

"Ọmọ ń kú nínú igi, àṣírí lẹ̀ ń wá bò," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ẹ wá wo inú ihò yìí ná, kí ẹ tó ní kí n dákẹ́."

Wọ́n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ki àgógó bọ amọ̀ náà títí ẹnu àwọn mìíràn fi ń ṣẹ̀jẹ̀, amọ̀ sì wó. Àwọn ọmọ jáde, egungun lásán. Àwọn kan, gbígbé ni wọ́n gbé wọn. Àwọn kan kò jáde mọ́ rárá. Lókè, níbi tí àwọn ọmọ Àtíòro ń gbé, ọkà bàbà tí wọn kò rí jẹ tán ti ń hù.

Nígbà tí Àtíòro dé, kò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kó wọn fún mi," ó ní. "Yàtọ̀ sí Àwẹ̀ró, ta ni nínú yín tó béèrè wọn rí?"

Wọ́n ya bò ó, wọ́n lé e wọ inú igbó kìjikìji. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, wọn kò lè wo ojú ara wọn.

Àwẹ̀ró ti fi ìyẹ́ bo Àníkẹ́. Ó ní ọmọ tó pàdánù ilé, inú ilé ló yẹ kó sùn, kì í ṣe inú ihò. Kí ẹni tó lè mú ọmọ mú ọmọ, kí ẹni tí kò lè mú un máa gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó mú un.

Àgbà tó bá a wí lẹ́ẹ̀kan rọra béèrè pé, "Bí èmi náà bá mú ọmọ, tí mo sì ń fìyà jẹ ẹ́, ta ni yóò mọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló mú kí wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Wọ́n so ìtẹ́ wọn mọ́ra lórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Wọ́n ya imọ̀ ọ̀pẹ náà dànù, kí ewé má bàa bo ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá rí ọmọ tí ìyà ń jẹ gbọ́dọ̀ kígbe, ìbáà jẹ́ ọba ló ni ilé náà.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń gbé pọ̀ lórí igi kan, tí wọ́n ń ya imọ̀ rẹ̀ jákujàku, tí wọ́n sì ń pariwo láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àwọn èèyàn ń bínú sí wọn, wọ́n ń sọ wọ́n lókò. Ẹ̀gà kò dá wọn lóhùn. Ìtẹ́ kan ló ń bi ìkejì léèrè pé: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ dà, ṣé ó ti jẹun?