Oko Àwẹ̀ró Nínú Àáró Ẹfọ̀n

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn, àbí oyin ló ń kùn? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o, Màmá!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àjọkẹ́, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní mi. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ẹ̀rín."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń pààlà oko, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn kò tíì pé oṣù mẹ́fà, oko tí ọkọ fi sílẹ̀ sì ti di igbó.

Àwẹ̀ró wọ ẹgbẹ́ aláàáró. Ẹ ò mọ àáró, ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní. Lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á kó lọ sóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Ẹfọ̀n ni olórí wọn. Ẹ̀gà wà níbẹ̀, Òkété wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Màmá, ṣé ẹyẹ lè kọ ebè ni?"

"Dúrójayé, ṣé èmi ni mo fi í síbẹ̀? Ẹfọ̀n ló ní dandan ni."

Òfin Ẹfọ̀n le. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sí orin. Kò sí omi mímu títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ọgọ́rùn-ún ebè ni kálukú gbọ́dọ̀ kọ lójúmọ́. Ẹni tí kò bá dúró lórí iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní dé oko rẹ̀.

Ẹ̀gà fi ẹnu kékeré wa ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Ó ní, "Olórí, ewé híhun ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n hun ibòji fún wa."

Ẹfọ̀n ní, "Ibòji kẹ̀? Ṣé atẹ́gùn la wá gbà ni?"

Iṣẹ́ ń parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tínú rẹ̀ ń dùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àyà wọn á máa já.

Nígbà tó yá, ó ku oko mẹ́ta péré, ti Ẹ̀gà, ti Àwẹ̀ró àti ti Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Bí Àwẹ̀ró kò bá rí iṣu gbìn, kí ni yóò fi tọ́ ọmọ?

Lọ́jọ́ tí wọ́n wà lóko Ẹ̀gà, oòrùn mú ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ké, ó ké, ohùn rẹ̀ há. Àwẹ̀ró ka ebè rẹ̀, ó jẹ́ ọgọ́rin. Ó wo Ẹfọ̀n. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó, ó fún ọmọ lọ́mú.

"Ta ló ní kí o jókòó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, olórí. Kó mumú tán ni. N ó kọ ogún tó kù."

"Ọjọ́ tìrẹ ti bọ́. Oko mi là ń lọ lọ́la."

"Háà! Ìkà nìyẹn, Màmá!"

"Ìkà ni. Inú ń bí èmi náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán."

Àwẹ̀ró sunkún délé. Ẹ̀gà kò lè gbé e mì. Ó fò láti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun kan náà ló ń bi gbogbo wọn: "Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́?"

Ilẹ̀ mọ́. Ẹfọ̀n dúró lóko rẹ̀. Oòrùn yọ, kò rí ẹnì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lóun nìkan. Ó wá gbọ́ orin láti oko Àwẹ̀ró:

Ọkọ́ mi, rọra wọlẹ̀,
*Rọra o, rọra.*
Ọmọ mi ń sùn níbòji,
*Rọra o, rọra.*
Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pa ni,
*Rọra o, rọra.*

"Ẹ gbè é!"

"Rọra o, rọra!"

Ẹfọ̀n fi ìbínú sáré lọ síbẹ̀. Ó rí i pé Ẹ̀gà ti fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ibòji, ọmọ sùn sábẹ́ rẹ̀. Òkété ń wú gbòǹgbò, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹni tó bá rẹ̀ á lọ mumi, á sì padà. Oòrùn kò tíì kan àtàrí, díẹ̀ ni oko kù.

Ẹfọ̀n wo oko náà yíká. Ó ní, "Oko tèmi ńkọ́?"

Àwẹ̀ró dá a lóhùn pé, "À ń bọ̀ lọ́la, olórí. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń ṣe é níbí la ó ṣe é níbẹ̀. Ọkọ́ kan ló wà nílẹ̀ yẹn, ẹ mú un."

Ẹfọ̀n mú ọkọ́. Nígbà tó ṣe, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bóyá ẹnì kan á jágbe mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó jágbe. Àwẹ̀ró bu omi fún un, ó ní, "Ẹ lọ jókòó díẹ̀."

Ẹfọ̀n gba igbá, kò lè mu. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n jókòó."

Ó jókòó.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yẹ kí iṣẹ́ gbé èèyàn ró ni. Àwọn kan nínú yín á di olórí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó rẹ̀ sinmi. Ẹ jẹ́ kí kálukú ṣe ohun tọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀, kó lè fi ayọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún èmi. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo yín.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ẹfọ̀n, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi já bọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

"Kò ní já, Màmá!"